Àwòrán Àǹtí Dírẹ́bà Gòkè, Òun Fúnra Rẹ̀ Ò Gòkè Rí

Àǹtí mi ti kú. Àbúrò ìyá mi ni, aránṣọ ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Dírẹ́bà nítorí àga onítáyà tó ń wà kiri ìlú bí ẹni pé òun ló ni títì. Ó mu tíì àárọ̀ rẹ̀ tán, ó ní ṣúgà tí wọ́n fi sí i ò tó, ó sì dákẹ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. N ò ní purọ́ mọ́ òkú, n ò ní sọ pé àtẹ̀gùn ló pa á. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú gbogbo àwọn ẹni ńlá tó ní nǹkan láti bá a sọ nínú ìlú yìí, ikú nìkan ló wá bá a nísàlẹ̀, tí kò ní kó gòkè wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, kí inú tó bí mi kọjá ibi tí mo ti lè kọ̀wé.

Àǹtí mi fẹ́ràn ìgbádùn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí ẹni tó wà lórí àga onítáyà, wọ́n á fẹ́ kó jẹ́ ẹni mímọ́ tó ń fi orin ìyìn pa ebi. Àǹtí mi ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹja yíyan tí orí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ló fẹ́. Ohun mímu tó tutù débi tí ife rẹ̀ ń làágùn ló fẹ́. Ó fẹ́ tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kó lè máa wo ẹni tó ń kọjá, kó sì máa bú ẹni tó bá wọn rán aṣọ ọrùn wọn. Bó bá ti di Sátidé, á kun àtíkè, á fi yẹtí sí, á ní, “Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tí wọn ò ti retí wa.”

Kì í dá lọ. Pákó kan wà tó fi okùn so mọ́ ẹ̀yìn àga rẹ̀. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà tó ga, á ní kí ẹni tó wà nítòsí tú pákó náà, kó tẹ́ ẹ sórí ìloro, òun á sì gùn ún wọlé. “Ọkọ mi” ló ń pè é.

“Ọkọ mi kì í hanrun,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn. “Kì í bèèrè ọbẹ̀, ibi tí mo bá sì tẹ́ ẹ sí náà ló ń sùn. Ta ló ní irú rẹ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣègbéyàwó?”

Ìyá mi á ní, “Dírẹ́bà, sọ̀rọ̀ bí àgbà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ tèmi ń gbé mi lọ síbi oúnjẹ. Tiyín ńkọ́?”

Bàbá mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ á wá máa wá ìwé ìròyìn tó máa fi bojú.

Èmi tí mo lọ kàwé lókè òkun, ìdí tábìlì wọ̀nyẹn ni mo ti tún èdè wa kọ́. Bí mo bá ń wá ọ̀rọ̀ tí n ò rí i, á pariwo pé, “Ẹ bá mi tẹ́ pákó fún ahọ́n ọmọ yìí o, kò lè wọlé!” Gbogbo tábìlì á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà á sì já bọ́ lẹ́nu mi.

Ẹnì kejì rẹ̀ níbi ìgbádùn ni ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní Aláago. Òun náà, àga onítáyà ló ń gbé e. Bí àwọn méjèèjì bá yọ sí ilé oúnjẹ kan, ṣe làwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri á máa wojú ara wọn, bí ẹni tí àlejò bá nínú ilé tí kò tíì gbálẹ̀. Ibì kan ní àyè àwọn ti kún, tábìlì tó ṣófo sì wà lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó ń wò wá. Ibòmíràn gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ fẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀hún ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ò gba àga. Òórùn rẹ̀ nìkan ló kàn wọ́n.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni, “Ẹ jẹ́ ká gbé yín, mà.” Àǹtí mi gbà fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé e gòkè ilé ijó kan, ó fi ọwọ́ jó, ó fi ọrùn jó, ó fi ojú pàápàá jó. Ìgbà tó ní òun ń lọ sílé, àwọn ọkùnrin tó gbé e ti parí iṣẹ́, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi gbálẹ̀ yí i ká. “Ẹni tí wọ́n bá gbé gòkè,” ó sọ ọ́ fún mi, “àwọn tó gbé e ló máa sọ ìgbà tó máa délé. N ò ṣe mọ́. Ṣé àpò ìrẹsì ni mí?”

Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ etí odò ni ọ̀rọ̀ wà.

Ilé náà dára, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Òkè rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ tó kọjú sí omi, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìlú ń lọ bí wọ́n bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ àwọn. Àtẹ̀gùn nìkan ló débẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí i, ọ̀gá ilé oúnjẹ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi, ó ní òun fẹ́ aṣọ tábìlì fún òkè, àwọ̀ odò nígbà tí oòrùn bá ń lọ.

Àǹtí mi ní, “Ó dáa. Mo máa wá wọn àwọn tábìlì náà.”

Ọ̀gá wo àga onítáyà. Ó wúkọ́. “Ẹ má ṣèyọnu, mà. Bíi ti ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n rí.”

Tábìlì ìsàlẹ̀ ní igun mẹ́rin. Àǹtí mi jókòó, ó gé aṣọ, ó fi ọwọ́ rán etí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ó ní ẹ̀rọ kì í fi ìfẹ́ ránṣọ. Wọ́n kó o gòkè. Tábìlì òkè, róbótó ni gbogbo wọn! Ọ̀gá fẹ́ẹ̀ sunkún. Ó tẹ́ aṣọ onígun mẹ́rin lé wọn lórí bẹ́ẹ̀ nítorí àlejò ti ń gòkè bọ̀, igun aṣọ sì ń fì yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ nísàlẹ̀ tábìlì. Kí làwọn èèyàn ńlá rí? Wọ́n ní àrà tuntun ni. Kò pẹ́, gbogbo ilé oúnjẹ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ aṣọ onígun sórí tábìlì róbótó. Bí ẹ bá ti jẹun lórí irú rẹ̀ rí, tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ mọ̀ lónìí pé kì í ṣe àrà. Obìnrin kan tí wọn ò jẹ́ kó gòkè wọn tábìlì ni.

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Àwọ̀ náà ńkọ́? Ṣé ó bá odò mu?” Mo la ẹnu, ó gbọ́wọ́ sókè kíá. “Má sọ fún mi o! Ojú tèmi ni mo fẹ́ fi rí i.”

Aláago ní, “Àbí ojú tèmi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gòkè nínú wa ni kó wá sọ fún ẹnì kejì.” Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lé e lórí.

Kò fi mọ sí àwàdà. Ó wa àga rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìlú tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́. Ẹ máa wò ó: ọ́fíìsì tó yẹ kó rí i pé gbogbo èèyàn rọ́nà wọ ilé, òkè pátápátá ló wà, lífìtì tó sì yẹ kó gbé èèyàn débẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìgbálẹ̀ sí. Ọ̀gá ọ́fíìsì sọ̀kalẹ̀ wá bá a lẹ́nu géètì, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó pariwo pé kí wọ́n gbé àga wá. Wọ́n gbé àga oníke kan wá. Ó nù ún. Ó ní, “Ẹ jókòó, mà.”

Àǹtí mi wo àga oníke, ó wo ara rẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Èyí tí mo wọ̀ wá ò tíì sú mi.”

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín ju ẹni tó dá ẹ̀fẹ̀ lọ. Ó ní kí ọdún tó yí, lífìtì máa wà nílé oúnjẹ etí odò, òun máa fipá mú wọn, àǹtí mi gan-an ló sì máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọdún yí. Ó tún yí. Ó yí títí òòyì fi kọ́ ọdún fúnra rẹ̀. Ohun tí a rí ni pé wọ́n kun àtẹ̀gùn náà lọ́dà tuntun, wọ́n sì fi irin dídán sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé irin dídán ni àga onítáyà fi ń rìn?

Ìgbà tó kú, ọ̀gá ilé oúnjẹ ní kí a wá ṣe ìrántí rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá mi, tí ẹkún ò jẹ́ kó ronú, ní a dúpẹ́. Gbogbo wa la dúpẹ́. Kò sí ẹni tó rántí àtẹ̀gùn nínú wa, nítorí ẹni tó ń rán wa létí la lọ sin.

Àwọn méjì gbé àwòrán rẹ̀ ńlá gòkè. Wẹ́rẹ́ báyìí ló lọ. Kò sí ẹni tó wúkọ́, kò sí ẹni tó ní àyè ti kún. Wọ́n gbé e sójú ibi tó dára jù, kó máa wo odò. Mo wò ó níbẹ̀. Ṣé bí èèyàn ṣe ń di àlejò pàtàkì nílùú yìí nìyẹn, kó kọ́kọ́ di pẹlẹbẹ, kí wọ́n fi gíláàsì bò ó?

Ọ̀gá ọ́fíìsì ìlú dìde láti sọ̀rọ̀. Ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. “Ìlú yìí,” ó ní, “ti gbogbo wa ni. Gbogbo wa la jọ wà níbí...”

Ohùn kan ta láti ìsàlẹ̀: “Ẹ bá mi kí i o!”

Ọ̀gá ọ́fíìsì ní, “Ta nìyẹn?”

“Aláago ni! Ẹ sọ fún Dírẹ́bà pé mo dé. Ìdí àtẹ̀gùn ni mo wà, ibi tó fi mí sí náà. Mo rí i pé ó ti gòkè ṣáájú mi. Ṣé ó ti rí aṣọ náà? Kí ló ní kí ẹ sọ fún mi?”

Ìyá mi dìde, ó gbé àwòrán náà, ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ.

Ọ̀gá ilé oúnjẹ sáré bá a. “Màmá, kí ló dé? Oúnjẹ ti ń bọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Ìsàlẹ̀ ni kó bọ̀ sí.”

Ó sọ̀kalẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, oníbàárà, gbogbo wa wọ́ tẹ̀ lé wọn. Ó ku ọ̀gá ọ́fíìsì ìlú àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lókè, wọ́n jọ wà níbẹ̀. Mo nawọ́ sí aṣọ tábìlì kan kí n ká a mọ́ apá, mo sì pariwo sísàlẹ̀ pé mo ń gbé e bọ̀ kí Aláago náà lè rí i. Ó gbọ́ ọ, ó ké láti ìsàlẹ̀:

“Má gbé aṣọ náà wá o! Odò ò lè tẹ̀ lé ẹ.”

Mo fi í sílẹ̀. A tú pákó àǹtí mi, tí Aláago so mọ́ ẹ̀yìn àga tirẹ̀ wá, a tẹ́ ẹ lé àpótí ìgò méjì láàrin àwọn mọ́tò, orí rẹ̀ la ti jẹ ẹja yíyan tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ fún wa. Aláago fọwọ́ gbá pákó, ó ní, “Ọkọ Dírẹ́bà, o ti di opó, síbẹ̀ o ṣì ń fún wa lóúnjẹ.” Ìyá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sìnkú.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ilé oúnjẹ ti ń ránṣẹ́ sí wa. Ó fẹ́ gba àwòrán náà, kó gbé e kọ́ sí orí àtẹ̀gùn, kó kọ “Ọ̀rẹ́ Ilé Wa” sábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ní àbúrò òun ò ní gbé ibi tí ẹsẹ̀ àga rẹ̀ ò tó. Àwòrán náà wà nílé wa, ó fẹ̀yìn ti ọkọ rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀gá ọ́fíìsì ìlú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìlú ti gbogbo wa ni, ẹ wá sọ fún wa. Ta ló fọwọ́ sí ilé tó ní òkè tí kò ní ọ̀nà? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ dárúkọ ara yín, a ò ní jẹ yín. Kí ló dé tí ẹ gbé àdéhùn yín pamọ́ títí ẹni tí ẹ bá ṣe é fi kú? Ẹ kó ìgbálẹ̀ kúrò nínú lífìtì tiyín, kí ẹ sì jẹ́ kí ilé oúnjẹ etí odò ṣe tirẹ̀, tàbí kí ẹ ti òkè náà pa fún gbogbo wa, kí olówó àti Aláago jọ máa wo mọ́tò jẹun nísàlẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ fún wa, kí ẹ sọ ọ́ níta gbangba. Kí ọjọ́ náà tó dé, gbogbo Sátidé la ó máa wà nídìí àtẹ̀gùn yín, àwa, Aláago àti pákó. A ó máa pe tíì. Ṣúgà tó pọ̀ la ó máa bèèrè.

Èmi ti rí aṣọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Mo mọ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ bá omi mu tàbí kò bá a mu. N ò ní sọ. N ò ní sọ fún Aláago, n ò sì ní sọ ọ́ létí sàréè. Àwọn méjèèjì ti bọwọ́ lé e: ẹni tó bá kọ́kọ́ gòkè ni yóò wá sọ fún ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ kí Aláago gòkè. Àǹtí mi ń dúró de èsì.