Ọwọ́ Tó Rọ Nílé Ẹ̀yìn

Ọwọ́ òsì ni ìyàwó ayálégbé mi fi na kọ́kọ́rọ́ géètì sí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, inú sì bí mi. Ó ti kúnlẹ̀ dáadáa, ó ti kí mi, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì," ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló nà. Mi ò gbà á. Mo ní, "Ṣé èmi lò ń na ọwọ́ òsì sí?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń dùn mí díẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ ọ̀tún náà. Ó fi í pamọ́ sábẹ́ ìborùn, nínú ooru Ìbàfò tí gbogbo wa ń wá afẹ́fẹ́ kiri. Mo ní kó yọ ọ́ síta. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ wálẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Mo ní, "Gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá mọ́tò dúró." Apá gbéra, ìgbọ̀nwọ́ nà, ṣùgbọ́n láti ọrùn ọwọ́ lọ dé ìka, kò sí nǹkan kan tó mira.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì l'Ékòó, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn kán, kí n tó fẹ̀yìn tì wá sínú ilé tí mo kọ́ sí Ìbàfò. Mo mọ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i lára ọ̀mùtí tó fi apá kọ́ ẹ̀yìn àga sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Iṣan kan wà tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ wá sí ọwọ́, kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ó yí egungun apá ká, ó sì sún mọ́ awọ níbì kan lókè ìgbọ̀nwọ́. Bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun níbẹ̀, ọwọ́ á rọ.

Mo bi í, "Kí ló ṣe é?"

"Mo sùn lé e ni, Mọ́mì."

Mo ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ilà mẹ́rin ló tò sí apá rẹ̀ lókè, wọ́n gún bí ẹni fi rúlà fà wọ́n, ara wọn sì lọ́ bí okùn ṣe máa ń lọ́. Ó yára fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì lọ. Mi ò tíì rí bẹ́ẹ̀dì tó máa ń fi irú ilà bẹ́ẹ̀ síni lára.

Òun àti ọkọ rẹ̀ kò tíì lò ju oṣù méje lọ nílé ẹ̀yìn, yàrá kan àti pálọ̀ tí mo kọ́ sẹ́yìn ilé mi. Obìnrin náà ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní iléèwé kan ní Mówè. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń gun pátákó ìpolówó gàgàrà ojú ọ̀nà márosẹ̀, àwọn tí wọ́n máa ń fi okùn so ara wọn rọ̀ lókè láti na ìpolówó tuntun. Ọmọlúàbí ni, kí n má purọ́. Bó bá rí mi, yóò dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, bí mo tilẹ̀ wà lórí fóònù. Àmọ́ èmi kì í fọkàn tán ẹni tó bá ń dọ̀bálẹ̀ jù.

Láti ọjọ́ Sátidé yẹn ni gbogbo ohun tí mo ti rí tẹ́lẹ̀ tí mi ò kà sí bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Mo rántí okùn tí wọ́n máa ń sá. Kì í ṣe okùn ibi iṣẹ́ ọkùnrin náà, torí ìyẹn le gbagidi, búlúù ni. Èyí jẹ́ okùn òwú funfun, ó rọ̀, wọ́n sì máa ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ aṣọ ọmọ tuntun. Mo tún rántí ohun tí wẹ́dà tó ń jó irin níta géètì wa sọ fún mi, pé ayálégbé mi ní kí òun bá a ṣe irin kan bíi ti jangirọ́fà tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, kí ó lágbára tó ohun tó lè gbé èèyàn méjì. Wọn ò bímọ. Mi ò sì rí jangirọ́fà kankan níta. A jẹ́ pé inú pálọ̀ ló wà. Kí ni jangirọ́fà ń ṣe nínú pálọ̀ ẹni tí kò ní ọmọ?

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù wa, apá rẹ̀ kán. Ó ní òun ṣubú ní bálùwẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó ń fi ìka nu omijé rẹ̀ nù fún un. Mo kọ "ó ṣubú ní bálùwẹ̀" sínú ìwé, mo sì jẹ́ kí ó bá ọkùnrin náà lọ sílé. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n tún gbé e dé, lọ́tẹ̀ yìí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, alága àwọn onílé àdúgbò wa wá bá mi. Kò tilẹ̀ jókòó.

Ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin la bọ̀wọ̀ fún la fi kọ́kọ́ wá bá yín. Ẹnì kan yọjú lójú fèrèsé ilé ẹ̀yìn yín. Ó rí irin, ó rí okùn tó rọ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹ mọ bí ayé ṣe rí. Àwọn tó ń fèèyàn ṣe ògùn owó kì í kọ ọ́ síwájú orí."

"Ta ni ẹni tó yọjú?"

"Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ wọlé lọ wò ó fúnra wọn."

Mo mọ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe máa ń wolé. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ lu èèyàn tán ni wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Mo ní, "Alága, ẹ bá mi dá wọn dúró dọ̀la. Ilé mi ni. Èmi ni màá kọ́kọ́ wọlé."

Ó ní, "Dọ̀la nìkan o, Mọ́mì."

Bí ọkùnrin náà ṣe jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Túsìdeè, mo pe àbúrò mi obìnrin ní Mówè, mo ní bí aago mọ́kànlá bá lù tí kò gbọ́ ohùn mi, kó máa bọ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá. Mo wá lọ kan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ṣí i. Ó ti gbàyè níléèwé nítorí ọwọ́ náà. Kí ó tó lè fi ara dí ọ̀nà, mo ti wọlé.

Irin náà wà láàárín pálọ̀ lóòótọ́, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, òrùka irin kan ń bẹ lókè rẹ̀. Okùn funfun náà wà lórí àga, wọ́n ká a dáadáa.

Mo ní, "Jókòó. Èmi nìkan ni mo wà níbí. Ṣé ọkọ rẹ ló so ọ́ mọ́ irin yìí?"

Ó tẹ orí ba. "Òun ni, Mọ́mì."

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe ìyà." Ó fi ọwọ́ òsì bo ojú. "Mọ́mì, eré àwa méjèèjì ni. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ rí i lórí fóònù. Èmi ni mo ní kó kọ́ ọ. Ó máa ń fi okùn dì mí, á wá gbé mi kúrò nílẹ̀ díẹ̀."

Mi ò gbà á gbọ́. Èmi tí mo ti gbọ́ ti bálùwẹ̀ rí. Mo ní kí ló wà nínú kí wọ́n soni rọ̀ bí ẹran.

Ó ní, "Níléèwé, ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ló ń fà mí láṣọ láti àárọ̀. Tí mo bá délé, ìyá ọkọ mi á pè, ó ń béèrè oyún. Tí mo bá wà nínú okùn yẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ní kí n ṣe. Ọkàn mi máa ń balẹ̀."

"Bí o bá ní kó dúró ńkọ́?"

"Á dúró. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí."

"Lọ́jọ́ tí ọwọ́ yìí rọ ńkọ́?"

"Mi ò sọ. Ó di apá mi méjèèjì sẹ́yìn, ó gbé mi sókè. Àtàǹpàkò mi ń rìn mí wìnnìwìnnì. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń dì mí, ojú tì mí láti bà á jẹ́. Nígbà tó máa fi sọ̀ mí kalẹ̀, mi ò lè gbé ọwọ́ mọ́."

Mo pe àbúrò mi, mo ní kó fara balẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnì kan kò tó fún mi. Lọ́sàn-án, bí ọkùnrin náà ṣe wọ géètì, kó tó rí ìyàwó rẹ̀, mo pè é sí bàrándà mi. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dìde. Mo bi í ohun tó ṣe ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ó sùn lé e ni, Mọ́mì."

"Mo ti rí irin."

Ilẹ̀ ló jókòó sí. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Ó bá ti obìnrin náà mu, àfi ibì kan tí obìnrin náà kò dé: ó ní nígbà tí òun rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti rọ, òun fẹ́ tú u, ṣùgbọ́n kókó ti le, kò sì sí ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì nítòsí. Ó sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹkún ọkùnrin kò jọ mí lójú. Mo ti rí irú rẹ̀ rí.

Mo ní, "Ta ló ní kó parọ́ fún mi?"

"Èmi ni, Mọ́mì. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ mọ ohun tí àdúgbò máa sọ pé mò ń ṣe."

Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́ nìyẹn. Ó lè di ẹ̀bi náà ru ìyàwó rẹ̀, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pe obìnrin náà wá, mo gbá apá ọkùnrin náà mú, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lókè ìgbọ̀nwọ́, lápá ìta. Mo wá a títí ó fi fò sókè.

"Ó ta dé ẹ̀yìn ọwọ́ mi!"

"Iṣan náà nìyẹn. Orí ẹ̀ lo gbé okùn lé, o sì gbé gbogbo ìwúwo ara ìyàwó rẹ lé okùn. Níbi iṣẹ́ yín, níbo ni bẹ́líìtì ti máa ń gbé ọ?"

"Itan àti ìbàdí, Mọ́mì."

"Kí ló wá dé tí o fi apá gbé ìyàwó rẹ?"

Okùn ló mọ̀, ó mọ bí ó ṣe ń gbé ẹrù àti bí wọ́n ṣe ń ta kókó tí kì í yọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ara èèyàn ní ibi tí a kì í fi ìwúwo lé. Mo fi hàn wọ́n: ibi tí mo tẹ̀ yẹn, abẹ́ abíyá, àti ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún. Mo ní kí ó tó fi okùn kan ìyàwó rẹ̀, kí obìnrin náà kọ́kọ́ gbé ọrùn ọwọ́ sókè, kó ya ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó fi àtàǹpàkò kan ìka tó kéré jù. Bí wọ́n bá dì í tán, kó tún ṣe é, kó sì máa ṣe é léraléra.

"Má dúró dìgbà tó máa sọ̀rọ̀. Ìwọ ni kó o máa bi í. Má sì sọ pé kò dùn ún. Iṣan lè bàjẹ́ láìsí ìrora. Bó bá ti sọ pé ó ń rìn òun wìnnì, tàbí pé ibì kan ti kú, ó parí nìyẹn. Fi ara gbé e, kó má já lulẹ̀, kó o wá gé okùn. Má tú u. Okùn ṣeé rà."

Mo yíjú sí obìnrin náà. "Ìwọ, dídákẹ́ kì í ṣe sùúrù. Ìwọ nìkan lo mọ ohun tí ìka rẹ ń sọ."

Ó ní, "Mo ti gbọ́, Mọ́mì."

"Ohun tí mo sọ yìí ò mú ewu kúrò pátápátá. Bó bá jẹ́ tèmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kúrò nílẹ̀. Kò sì sí okùn títí ọwọ́ yìí á fi yá."

Mo wọlé, mo mú sísọ́ọ̀sì tí a fi ń gé báńdéèjì wá, èyí tí ẹnu rẹ̀ kú tí kì í gún awọ. Mo fi lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Lálẹ́, mo pe alága pé mo ti wọlé, kó dá àwọn ọ̀dọ́ dúró títí màá fi rí i. Lọ́jọ́ kejì, mo bá wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà wò ó, wọ́n fi ike gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì ní kó máa wá fún ìdárayá ọwọ́.

Alága ti ń dúró dè mí ní géètì nígbà tí a dé. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í ṣe tèmi láti sọ. Mo ní, "Irin ìdárayá ni. Obìnrin náà fi ṣe iṣan ọwọ́ léṣe, ọsibítù la ti ń bọ̀ yìí." Ó wo ike ọwọ́ obìnrin náà, ó wo ojú mi. Ó ní ó dáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ń kí mi, ojú rẹ̀ máa ń kọjá èjìká mi lọ sẹ́yìn ilé, bíi pé èmi náà ti wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ó lé ní oṣù méjì kí ọrùn ọwọ́ náà tó gbéra, ìwọ̀n ìka kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yára. Kó tó parí oṣù kẹrin, ó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé níwájú àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Irin náà ṣì wà nínú pálọ̀. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Ohun tí mo máa ń béèrè ni ti obìnrin náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń pè é, a ó jọ ṣa ẹ̀wà tàbí kí a jọ bó ẹ̀pà, n ó wá wo apá rẹ̀ méjèèjì, n ó sì bi í bóyá ohun gbogbo dára. Lọ́jọ́ kan ó rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ ṣì ń ṣọ́ ọkọ mi?"

Mo ní, "Mò ń ṣọ́ ọ."

Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Ẹ máa ṣọ́ ọ, mà. Kò burú."