Èsì Ẹ̀jẹ̀ Tí Àǹtí Mi Fi Pamọ́ fún Mi

Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, òun ló sì kọ́ mi ní ìwé kíkà. Olùkọ́ ni ní ìlú Ute. Èmi ń bá ìyá wa ṣe oko kòkó ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Mo rò pé kò sí ohun tí ó lè fi pamọ́ fún mi.

Láyé ìjọba ológun, nígbà tí epo bẹtiróò wọ́n bí ojú, ni ìhà òsì ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. A tọ́jú ibà títí, kò lọ. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn ni wọ́n ti sọ fún wa pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n fún un lóògùn. Láàárín oṣù díẹ̀, ikùn náà fà, ó padà sí kíláàsì. Èmi ti ń dúpẹ́.

Dókítà náà, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ní ká ṣe sùúrù.

"Bí a bá ka iye èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n jíìnì kan, èròjà tíntìn tó ń darí ara, wà nínú rẹ̀ tí ó ń pàṣẹ fún àìsàn yìí. A fẹ́ mọ̀ bóyá àṣẹ náà ń lọ sílẹ̀ ni tàbí ó ń le sí i. Ìyẹn ló máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ."

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sí níbí. Ẹlẹgbẹ́ dókítà náà kan tó ń lọ sí òkè òkun ló gbé ẹ̀jẹ̀ náà dání.

Wọ́n ti gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní Kàdúná. Mo ní n kò ní lọ, àfi bí èsì bá dé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Àǹtí sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Èsì ti dé. Àṣẹ náà ti dákẹ́. Máa lọ, àbúrò mi."

"Ìwé rẹ̀ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ dókítà."

Ìyá wa ń bó gbágùúdá lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

Mo lọ. A ń kọ lẹ́tà sí ara wa. Ní oṣù kẹjọ tí mo ti lọ, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní erìgì Àǹtí, kò sì dá mi mọ̀. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Ibi tí mo ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní Ute ni mo ti rí èsì náà láàárín ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti dé ṣáájú Sátidé ọjọ́ náà. Dókítà kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣẹ jíìnì náà ń ga sí i, pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà yí padà di èyí tó ń pani kí ọdún tó yí po. Ó ní kí ẹbí má jìnnà sí i.

Mo gbé e lọ bá ìyá wa.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ó mú mi búra. Ó ní bí o bá gbọ́, o kò ní lọ mọ́."

"Ẹ̀yin méjèèjì wá jókòó, ẹ tàn mí jẹ?"

"Ọmọ tó ń kú lọ ló bẹ̀ mí," ó ní. "Kí ni kí n ṣe?"

Mo parí ẹ̀kọ́ náà. Àwọn èèyàn ní ìfẹ́ ló mú kó ṣe bẹ́ẹ̀. N kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń ròyìn ọ̀rẹ́ tuntun àti ìdánwò fún ẹni tó mọ̀ pé òun ń lọ, nígbà tí ó yẹ kí n jókòó tì í. Àǹtí àti ìyá wa kò bi mí bóyá mo fẹ́ lọ tàbí kí n dúró. Títí dòní, ó ń dùn mí.