Bàtà Onírin Tí Mo Ń Bọ́ Lẹ́sẹ̀ Kọ́lá

Èmi ni mo jẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí n kò lè gbàgbé yẹn. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ sínú ni wọ́n bí Kọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo ń pè ní Àǹtí, mọ́. Ọsibítù fi POP, ìyẹn ẹfun líle tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀, mú un tọ́, wọ́n wá fún un ní bàtà méjì tí irin so pọ̀, pé tọ̀sán-tòru ni kó máa wọ̀ ọ́. Bí Àǹtí bá ti lọ ránṣọ ní Yaba, èmi ni mo ń tọ́jú ọmọ nílé wa ní Mushin. Tó bá ti ń sunkún, màá bọ́ bàtà náà. Tó bá kù díẹ̀ kí Àǹtí dé, màá tún dè é padà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, a gbé Kọ́lá lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì sì yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. "Ìyá Kọ́lá, ẹsẹ̀ yìí ti ń tẹ̀ padà. Ẹ̀ ń bọ́ bàtà yìí, àbí?"

"Rárá, mà. Ẹ bi àbúrò mi."

Mo ní, "A kì í bọ́ ọ, mà."

"Ṣé bàtà ló wá ń bọ́ ara ẹ̀ ni?" Ó kọjú sí Àǹtí, ó ní irú ìyá báyìí ló ń sọ ọmọ di arọ. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ POP láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́lá ń ké, ó ń nawọ́ sí mi, torí èmi ló mọ̀ pé mo máa ń tú òun sílẹ̀.

Kọ́lá ti ń rìn báyìí. Àmọ́ Àǹtí ṣì rò pé òun ni kò de bàtà náà dáadáa. N kò tíì sọ òótọ́ fún un; gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi.