Dígí Ẹ̀yìn Lọ́wọ́ Òsì

Ọdún tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé wọn ni Fábíyìí padà sí Ìfọ̀nyìn, ìlú rẹ̀ ní òdìkejì ibodè. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá ní Èkó, ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń fi dígí sí mọ́tò. Nígbà tó ń bọ̀, kò gbé rédíò, kò gbé fáànù bí àwọn tó kù. Ẹní kan ló gbé lé èjìká. Àwọn aṣọ́bodè tú ẹrù gbogbo ènìyàn wò, wọn kò tú ẹní yẹn. Inú rẹ̀ ló ká ọ̀rá sí, ọ̀rá tó nípọn, èyí tó mọ́ gaara àti èyí tó dúdú, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ dígí mọ́tò kó má baà fọ́n ká bí nǹkan bá bà á.

Ìfọ̀nyìn kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Odidi ọdún kan ni Fábíyìí fi ń ran Justine ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí epo pupa, tí ọ̀rá náà wà ní àjà. Obìnrin oníṣòwò aṣọ kan, Fáwùmí, ló kọ́kọ́ gbà kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí mọ́tò òun, bóyá nítorí àánú. Kò pẹ́ sí i, àwọn olè ju òkúta lù ú lójú ọ̀nà Banígbé lọ́sàn-án gangan. Dígí náà là káàkiri bí àwọ̀n ẹja, ṣùgbọ́n kò já. Fáwùmí tẹ mọ́tò náà, kò dúró títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà Fábíyìí. Àwọn ará àdúgbò tò wá, wọ́n ń fọwọ́ kan dígí náà, wọ́n ń béèrè pé irú kí wá ni èyí.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Fábíyìí ní Ọlọ́rá. Wọ́n ń gbé mọ́tò wá bá a láti Pobẹ̀, láti Àjàṣẹ́ pàápàá. Abẹ́ àtíbàbà màrìwò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbálẹ̀ nítòsí nítorí eruku. Á fọ dígí lẹ́ẹ̀mẹta, á wọ́n omi ọṣẹ sí i, á tẹ́ ọ̀rá lé e, á wá fi rọ́bà pẹlẹbẹ ti omi jáde láti àárín sí etí, títí tí kò fi ní sí ìléròrò kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ náà lẹ́yìn tó gbẹ kò lè mọ̀ pé dígí àti ọ̀rá jẹ́ nǹkan méjì. Fábíyìí fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an. Ó máa ń sọ pé òun nìkan ló ń ṣe ohun tí ènìyàn ò ní mọyì rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí ewu bá dé.

Ìgbà Ìyípadà nìyẹn, bí ìjọba ológun ṣe ń pe ìṣèjọba wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní Kamaráàdì. Kò sí ọ́fíìsì tí o máa wọ̀ tí wọn ò ní kọ́kọ́ béèrè bóyá o ti múra fún Ìyípadà, ìwọ náà á sì dáhùn pé ìjà ń bá a lọ. Gbogbo àdúgbò ló ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ nídìí kànga lè ti dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó gbé omi délé. Àwọn ènìyàn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọyẹ́ ni mọ́tò Píjò funfun kan dúró níwájú àtíbàbà. Ọkùnrin méjì ló sọ̀kalẹ̀. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ẹ̀wù rẹ̀ gún régé, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé ó di dandan kí ènìyàn súnmọ́ ọn kó tó gbọ́. Séraphin lorúkọ rẹ̀, Àjàṣẹ́ ló ti wá. Kò sọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi í.

"Ìwọ ni Ọlọ́rá?"

"Èmi ni, Kamaráàdì. Ẹ káàbọ̀."

"Dígí ẹ̀yìn méjèèjì ni kí o lẹ̀. Ti iwájú kò kàn ọ́."

Ó ya Fábíyìí lẹ́nu. "Iwájú ni àwọn olè máa ń sọ òkúta lù, Kamaráàdì. Òun làwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe."

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ olè?"

Fábíyìí yí kúrò nídìí dígí iwájú. Séraphin ní kó fi bí ọ̀rá náà ṣe lágbára tó hàn òun. Fábíyìí gbé dígí àlòkù kan tó ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde, ó fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Dígí náà fọ́ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tó bọ́ sílẹ̀. Séraphin fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹran ọ̀sìn lára.

"Bọ̀n, ó dáa," ó ní. "Ẹni tó wà nínú ńkọ́? Bó bá fi ẹsẹ̀ gbá a?"

Fábíyìí rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Ẹni tó wà nínú, Kamaráàdì?"

"Mo ní ẹni tó wà nínú."

Fábíyìí fi ìka tọ́ka sí etí dígí. "Bí ọ̀rá bá wọ abẹ́ rọ́bà etí dígí, tí mo sì fi gọ́ọ̀mù mú un mọ́ irin ilẹ̀kùn, kò lè jáde."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o ṣe é. Kó dúdú débi pé wọn ò ní rí inú láti ìta."

Nígbà tí Fábíyìí ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rí i pé wọ́n ti yọ irin tí wọ́n fi ń yí dígí sílẹ̀. Wọ́n ti yọ èyí tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn láti inú náà. Ihò ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbá eruku ilẹ̀ mọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ bá bàtà lábẹ́ ìjókòó. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, bàtà ọkùnrin, okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Ó rọra tì í padà sí ibi tó wà.

Ó ṣe dígí ọ̀tún bó ṣe yẹ, ọkùnrin kejì, ọmọ ẹ̀yìn Séraphin, dúró tì í. Nígbà tó kàn ti òsì, ọkùnrin yẹn lọ ra ọsàn lójú títì, Séraphin sì ń ka ìwé kan ní ìjókòó iwájú. Fábíyìí kò gbèrò ohun tó ṣe yìí tẹ́lẹ̀. Ó mú abẹ, ó gé ọ̀rá náà kúrú ní ìwọ̀n ìbú ọmọ ìka kan yí ká, kò jẹ́ kó wọ abẹ́ rọ́bà, kò sì fi gọ́ọ̀mù sí i. Ó wá fa rọ́bà náà bo etí rẹ̀. Ní Èkó, ó ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá dígí yẹn, odidi rẹ̀ ṣí kúrò lójú ilẹ̀kùn bí aṣọ tí wọ́n ká kúrò lórí okùn, ọ̀gá rẹ̀ sì gbá a létí nítorí ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Séraphin yẹ méjèèjì wò, ó kan wọ́n pẹ̀lú ẹ̀yìn ìka, ó ní ó dáa. Wọ́n lọ.

Fábíyìí kò sọ fún Justine. Kí oṣù tó parí, àwọn ènìyàn ti ń rí mọ́tò náà káàkiri, níwájú ilé ẹ̀kọ́ ní Lágbè, lẹ́bàá ọjà Banígbé. Wọ́n fi mú òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan, wọ́n dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin náà kò sì bá ìyàwó rẹ̀ pàápàá sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó ń jẹ Fábíyìí lọ́kàn jù nìyí: ọkùnrin yẹn ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí òsì, kò sì mọ̀. Kí ni dígí tí kò mú dáadáa wúlò fún bí ẹni tó wà nínú mọ́tò kò bá mọ̀? Ta ni ó sì lè sọ fún?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ìwé pélébé kan tó bú ìjọba ní ilé ẹ̀kọ́ Kò-Kumólú. Victorin, àbúrò Justine, jẹ́ tíṣà níbẹ̀. Fábíyìí ránṣẹ́ pè é sí oko ẹ̀gẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tó jẹ́ inú oko lẹ ti pè mí?" Victorin béèrè.

"Ìwọ lo kọ ìwé yẹn?"

Victorin wolẹ̀.

"Mi ò fẹ́ mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ ni pé bí wọ́n bá gbé ọ sínú Píjò yẹn, ọwọ́ òsì ni kí o jókòó sí. Bí mọ́tò bá rọra, fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá dígí náà ní òkè, lápá ẹ̀yìn. Má gbá ti ọ̀tún. Ti ọ̀tún kò ní jáde láéláé."

Victorin tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ̀yin lẹ lẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni."

"Wọ́n á pa yín, Ẹ̀gbọ́n."

"Máa lọ sílé."

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú Victorin nínú kíláàsì, lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Justine ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Fábíyìí jókòó tì í, ṣùgbọ́n ìrètí tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe ohun tó lè fi ẹnu sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Píjò náà tún dúró níwájú àtíbàbà. Àpò ni wọ́n fi dí ojú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Séraphin ṣí búùtù, ó gbé dígí kan tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ jáde, odidi, tí wọ́n ká bí ẹní, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú Fábíyìí.

"Ṣàlàyé èyí fún mi."

Fábíyìí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí dígí náà sókè. "Kò tú ká, Kamaráàdì. Ẹ ní kó má tú ká."

"Nídìí afárá tó bàjẹ́, nígbà tí mọ́tò ń rọra gòkè, tíṣà yẹn fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó wọ inú igbó ọ̀pẹ, a kò rí i mọ́." Ohùn rẹ̀ kò ga sókè. "Èmi fúnra mi gbá ti ọ̀tún lánàá. Mo gbá a títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí."

"Ọyẹ́ ni. Eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú."

"Ọwọ́ òsì nìkan ni ọyẹ́ fẹ́ sí?"

Séraphin gbé dígí tuntun jáde nínú búùtù, ó gbé e sílẹ̀.

"Tún un ṣe. Lójú mi. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó ṣe é. Séraphin dúró débi tí Fábíyìí fi ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́bàá etí, kò sì sí ibi tí abẹ lè yà sí. Ọ̀rá wọ abẹ́ rọ́bà yí ká, gọ́ọ̀mù mú un mọ́ irin. Ó gba gbogbo ọjọ́ kó tó gbẹ, wọn kò sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Séraphin ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Wọlé."

"Kamaráàdì, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ lo ṣe é. Ìwọ ni kí o dán an wò."

Justine yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi orúkọ ọmọ wọn kígbe pè é, "Bàbá Félicité!" Wọ́n tì í wọlé, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn. Inú mọ́tò náà ṣókùnkùn bí ìsàlẹ̀ kànga. Mọ́tò gbéra, Séraphin sì sọ láti iwájú pé, "Gbá a."

Ó gbá a. Ó rò pé bóyá kò ti gbẹ tán, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá a, lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Dígí náà fọ́ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kò kúrò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó korò fún un pé òun mọṣẹ́. Wọ́n gbé e dé ẹ̀yìn Lágbè, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sọ ọ́ sójú ọ̀nà.

"Ọ̀la la máa gbé dígí mìíràn wá," Séraphin ní. "Bó ṣe wà yìí gan-an ni kí o ṣe é. Tàbí kí ìyàwó rẹ wá dán ìyẹn wò."

Ẹsẹ̀ ni Fábíyìí fi rìn délé. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe é bó ṣe wà gan-an.

Lẹ́yìn oṣù méjì, obìnrin kan tó máa ń ra epo lọ́wọ́ Justine mú ìkíni bọ̀ láti Ìlaró. Ó ní tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ ní kí wọ́n bá òun kí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Justine wọ yàrá, ó fi ìró bo ẹnu kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń sunkún. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Píjò náà mú Ràmọ́nù, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Banígbé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kò padà ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò padà ní oṣù kẹta.

Nígbà tí Ìyípadà parí, tí wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, tí Ràmọ́nù kò sì sí lára wọn, Victorin wá sílé pẹ̀lú ìyàwó tó fẹ́ lọ́hùn-ún. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Fábíyìí ní gbangba, ó sì sọ ìtàn dígí òsì fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń fọwọ́ lù ú lẹ́yìn. Fábíyìí kò lè sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni dígí yẹn ṣí. Ó ti pa iṣẹ́ náà tì. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn.

Ìyàwó Ràmọ́nù wá bá a lóko lọ́sẹ̀ náà. Òun náà ti gbọ́ ìtàn ọ̀hún.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lẹ̀ dígí mọ́tò yẹn."

"Èmi ni."

"Èyí tí tíṣà gbá jáde."

"Èmi ni."

"Ti ọkọ mi ńkọ́?"

Fábíyìí gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó ti ń múra ìdáhùn yìí sílẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju èyí lọ: "Mo ṣe ìyẹn dáadáa, ìyá. Wọ́n dúró tì mí, mo sì ṣe é dáadáa."

Obìnrin náà dúró, ó ń wo ọwọ́ Fábíyìí. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà àárín ẹ̀gẹ́ lọ, Fábíyìí sì ń wò ó títí kò fi rí gèlè rẹ̀ mọ́.