Bí Fóònù Mi Ṣe Tú Mi Fó Níwájú Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ọkọ mi náà wà lórí ìkànnì yìí, ṣùgbọ́n kì í ka ohunkóhun tó bá ti gùn, torí náà ọkàn mi balẹ̀. Mo fẹ́ ròyìn bí fóònù mi ṣe tú mi fó níwájú ìyá rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ṣe tán ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti ń wá ọ̀nà àtiwọ poli. Ọkọ dé, ọmọ dé. Lọ́dún tó kọjá, mo ra fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní àwọn á gbé ọjọ́ ìdánwò ìwọlé sórí sáìtì wọn, wọ́n sì gbé e lóòótọ́! Ìgbà tí èmi máa rí i, wọ́n ti ṣe ìdánwò tán lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo sunkún débi pé ọmọ mi ń wò mí, ó gbàgbé ẹkún tiẹ̀.

Lọ́dún yìí, mo tún ra òmíràn. Mo ní wọn ò ní ṣe tọ̀tẹ̀ yìí lẹ́yìn mi láéláé. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ yọjú sí sáìtì yẹn. Àmọ́ búráúsà tó bá fóònù mi wá! Kí ojú ewé kan tó ṣí, ìpolówó márùn-ún á ti jókòó lé e lórí. Dátà ń lọ, mi ò tíì ka ọ̀rọ̀ kan.

Èyí tó tún burú ni pé sáìtì wo ni mo dé tí kò ní bi mí bóyá òun lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi? Bọ́tìnnì méjì: “Allow” àti “Block”. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Ẹdẹ ni mí o! Ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tọrọ àyè, kí n wá ní kó kọjá lọ? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn? “Allow” ni mò ń tẹ̀ fún gbogbo wọn. Sáìtì oúnjẹ ọmọ, “Allow”. Sáìtì bọ́ọ̀lù tí mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀, “Allow”.

Ìyá ọkọ mi wá bá wa láti Alajue lọ́jọ́ Ajé kan. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kò sí lẹ́tà tó ń kọjá lójú wọn. Wọ́n gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, fóònù mi wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ló bá dún: tíín! Wọ́n bẹ ojú wò ó. Ìpolówó ni. Ó ń béèrè bóyá agbára ọkùnrin ilé ti dínkù, ó ní ìrànlọ́wọ́ wà nítòsí.

Ìyá kà á tán. Wọ́n bu omi sí ọmọ lórí.

“Ìyàwó.”

“Màmá.”

“Ṣé ọmọ mi ni?”

Há! Ilẹ̀ ò lanu kí n kó sí i.

“Rárá o, Màmá! Ìpolówó lásán ni!”

“Ta ló wá bẹ̀ wọ́n níṣẹ́?”

Kí n tó dáhùn, tíín! Wọ́n tún kà á. “Wọ́n ní ó ku wákàtí méjì kí ẹ̀dínwó oògùn náà tó parí. Ìyàwó, má fi nǹkan pamọ́ fún mi.”

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìgò àgbo kan ti wà lórí tábìlì. Ọkọ mi ní ìyá òun ní kí òun máa mu ún láràárọ̀, kí òun má jáyà, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ó bi mí pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Mo ní bóyá ibà ni. Ó mu ún, ojú rẹ̀ pọ́n, kò béèrè mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tí mo ṣí fóònù, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Òkìtì ìpolówó! Inú irú òkìtì yìí gan-an ni ìròyìn poli sọnù sí lọ́dún tó kọjá. Mo pọn ọmọ, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Àǹtí Títí, obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe.

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ ṣubú. “Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn kalẹ̀, o wá ń pariwo olè!”

Mo ní ìwà ọmọlúàbí ni.

“Ọmọlúàbí wo? Ẹni tó ń ta oògùn ọkùnrin lò ń kí káàbọ̀!”

Ó gba àyè tí mo fún gbogbo wọn padà. Ó ní búráúsà tó bá fóònù wá dà bí ọ̀rá tí wọ́n fi di ọjà, ta ló ní kí n máa fi jẹun? Ó fi òmíràn sí i fún mi, èyí tó ń dí ìpolówó lọ́nà. Ojú ewé ṣí wàì! Ó wá fi àmì kékeré aláwọ̀ ọsàn kan hàn mí nísàlẹ̀ sáìtì poli. Fíìdì ni wọ́n ń pè é. Ó fi áàpù kan tí wọ́n fi ń ka fíìdì sórí fóònù mi, ó so sáìtì náà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti gbé nǹkan tuntun jáde, á wá bá mi níbẹ̀, láìsí ìpolówó, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè orúkọ mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, mò ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ mu, mo ní kí n yọjú wo fíìdì yẹn. Òun ló wà lókè pátápátá: ìdánwò ìwọlé, Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀! Mo kígbe. Ìyá sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n rò pé ẹ̀kọ ti gbé ọmọ lọ́fun.

Ìyá ló pọn ọmọ tẹ̀ lé mi lọ síbi ìdánwò náà. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì títí mo fi ṣe tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fíìdì yẹn náà ló gbé orúkọ àwọn tó wọlé wá. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ka orúkọ mi sókè lẹ́ẹ̀mẹta bíi pé wọ́n ń pe rẹ́jísítà, wọ́n sì ní kí n bá àwọn náà wá fíìdì àwọn tó ń dá oko ẹ̀gẹ́.

Ẹ gbọ́ o: ẹ ò so yìgì pẹ̀lú búráúsà tó bá fóònù yín wá! Ẹ kọ̀ ọ́ lónìí, kò sí àna tó máa pè yín sí ìpàdé. Ohun tó bá jẹ yín lógún, ẹ wo sáìtì rẹ̀ bóyá ó ní fíìdì, ẹ má fi ọjọ́ ọ̀la yín sínú òkìtì ìpolówó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni fóònù yín ti gbé jáde níwájú ẹni tí kò yẹ kó rí i? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ojú má baà ti èmi nìkan!