Ẹ̀yìn Mẹ́fà fún Ọmọ Kan

Ọmọ mi obìnrin kì í sùn lóru. Mi ò sọ ọ́ bí àwọn ìyá kan ṣe máa ń sọ ọ́ o, pé ọmọ àwọn jí lẹ́ẹ̀kan, ó mu omi, ó tún sùn. Tèmi á jí ní aago mọ́kànlá alẹ́, á dìde dúró pátápátá, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. A ó rìn yí yàrá ká. A ó ṣí ìkòkò, a ó dé e, a ó tún ṣí i. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pe ìrun àárọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, èmi ti kú tán, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí yóò sùn sí. Ọlọ́dẹ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí pé òun ló ń bá wọn ṣọ́lé.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Ó pé ọdún mẹ́ta kó tó rìn, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Dókítà ti ṣàlàyé fún wa pé ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà, àmọ́ ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ti sunkún ìyẹn tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi sun ún mọ́. Ọmọ tó dùn ún wò ni, ó fẹ́ràn omi, ó fẹ́ràn gbogbo ènìyàn, bó bá sì rẹ́rìn-ín, kò sí bí inú ṣe lè bí èèyàn tó tí kò ní bá a rẹ́rìn-ín. Àìsùn yẹn nìkan ló fẹ́ gbẹ̀mí mi.

Kíláàsì kan wà ní Ìlaròó níbí fún àwọn ọmọ bíi tirẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ péré ni wọ́n ń gbà, odidi ọdún kan la sì fi dúró kí àyè tó yọ. Kò pé oṣù kan tó wọlé tí tíṣà wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Mọ́mì, látìgbà tí ọmọ yín ti dé, orí ẹní ló máa ń sùn títí tí a fi ń jáde. Mo fẹ́ kọ́ ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́, mo fẹ́ kọ́ ẹnu rẹ̀ lọ́rọ̀, àmọ́ mi ò lè kọ́ ọmọ tó ń sùn. Àwọn òbí mìíràn ń dúró de àyè yìí. Ẹ jẹ́ ká wò ó títí táàmù yìí fi máa parí.”

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì tún jẹ́ kó dùn mí jù. Mo pọn ọmọ mi, mo kọ̀ láti wọ ọ̀kadà, mo fi ẹsẹ̀ rìn délé kí ìbínú náà lè tán lójú ọ̀nà. Kò tán.

Mo gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba. Oògùn ni mo ń retí. Ìwé ló fún mi, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọ iṣẹ́ àmúrelé sí. Ó ní kí n kọ gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá sùn sínú rẹ̀, tọ̀sán tòru. Mo dúpẹ́ lẹ́nu, àmọ́ nínú ọkàn mi, mo ń bi í pé kí ni ó fẹ́ kí n kọ nípa oorun ọmọ tí kì í sùn.

Gààrí ni iṣẹ́ wa. Abẹ́ àtíbàbà kan náà ni a ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, tí a ń kù ú, tí a sì ń yan án, èmi àti Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, pẹ̀lú àwọn obìnrin márùn-ún mìíràn. Bí mo bá ti mú ọmọ dé láti iléèwé, Màmá á wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan.

“Ìyàwó, gbé e wá. Lọ fẹ̀yìn lélẹ̀.”

Mi ò ní jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Màá lọ sí ẹ̀yìn àwọn àpò, màá sùn bí ìgbà tí wọ́n pa mí. Kò sí ẹni tó máa rí ìyá tó ti rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa tí kò ní gba ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Àṣà wa nìyẹn, mo sì ń jẹ ìgbádùn rẹ̀ lọ́sàn-án lójoojúmọ́.

Nítorí ìwé nọ́ọ̀sì, mo kọ̀ láti sùn ní ọjọ́ kan. Mo jókòó sórí àpótí pẹ̀lú báírò. Màmá pọ̀n ọ́n, ọmọ sùn kíá. Nígbà tó kan Màmá láti yan gààrí, ó tú ọ̀já, ó gbé e fún ẹni tó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ìyẹn pọ̀n ọ́n títí, ó gbé e fún ẹni tó ń kù. Ìyá kan wà láàárín wa tó wá láti Ifọ́nyìntẹ̀dó, tó máa ń fi èdè Faransé ṣe fáàrí. Nígbà tó kan òun, ó na ọwọ́, ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Dúsúmọ̀n, dúsúmọ̀n,” pé kí wọ́n rọra, kí ọmọ má bàa jí. Ẹ̀yìn mẹ́fà ni ọmọ mi gùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì lajú lórí ọ̀kankan.

Mo bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ní, “Ó kàn rẹjú díẹ̀ ni.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ nígbà tí mo ro ó pọ̀ nínú ìwé, ó lé ní wákàtí mẹ́rin. A ti bá ọmọ náà sun òru rẹ̀ tán lójú oòrùn.

Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rù bà mí, torí èmi náà ni mo máa sọ fún Màmá.

“Ẹ̀yìn tí mo fi pọn bàbá rẹ̀,” ni Màmá wí, “òun ló wá ń ṣe ọmọ ní jàǹbá?”

Ọjọ́ méjì gbáko, bí mo bá kí i, gààrí inú agbada ló ń dá lóhùn.

Mo gbé ìwé padà lọ fún nọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìpọ̀n kò burú rárá, ká kàn gbé e kúrò lọ́sàn-án, ká gbé e sí alẹ́. Ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè mọ̀ pé àsìkò oorun ti tó, àfi bí a bá ń ṣe ohun kan náà ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lára. Bí mo ṣe délé, mo sọ fún Màmá pé nọ́ọ̀sì ní ẹ̀yìn Màmá nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ alẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì kò sọ “Màmá nìkan” o. Èmi ni mo fi kún un.

“Nọ́ọ̀sì yẹn gbọ́n,” ni Màmá wí, ó sì dá mi lóhùn dáadáa láti ìgbà náà lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Ọmọ ń fa ọ̀já gbogbo ènìyàn, ọwọ́ ń yún àwọn obìnrin, mo sì ń ṣọ́ wọn bí kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe ń ṣọ́ àwọn tó ń kó ìrẹsì gba ojú ọ̀nà wa. A gbé omi sínú abọ́ fún un kó máa fi ṣeré, gbogbo wa la sì ń tutù. Tó bá di alẹ́, lẹ́yìn ìrun ìṣáà, màá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́. Màmá á mú ọ̀já pupa, á pọ̀n ọ́n, á máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ọsàn, á sì máa kun orin kan ṣoṣo tí kò ní ọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo lajú, mo rí oòrùn lára ògiri. Àyà mi já. Mo gbọ́wọ́ lé ọmọ mi láyà, ó ń mí, ó ń sùn, ó la ẹnu sílẹ̀. Mo sunkún. Èyí, ẹ lè bá mi sun ún.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú táàmù ni tíṣà pè mí lórí fóònù lójú iṣẹ́. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ wá wo ọmọ yín.” Mo wọ ọ̀kadà lọ́tẹ̀ yìí, mo sì ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bá a jà tán kí n tó dé.

Ẹnu fèrèsé ni mo ti bá a. Ó fìka sétè, ó nàka sínú kíláàsì. Ọmọbìnrin kan jókòó ti ògiri, oorun ń kùn ún, ó ń sunkún. Iwájú rẹ̀ ni tèmi wà. Ó ti mú ìborùn tíṣà, ó fi kọ́ èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ bíńtín sí ọmọ tó tóbi jù ú lọ, ó ń dúró kó gùn ún. Ìborùn bọ́. Ó mú un, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó sì ń kun orin Màmá.

“Kò sùn láti àárọ̀,” ni tíṣà wí. “Gbogbo wa ló fẹ́ pọ̀n.”

Mo bi í nípa àyè yẹn. Ó wò mí bíi pé mi ò gbádùn.

“Ta wá ni yóò máa bá mi rẹ àwọn tó kù?”

Mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ká ọ̀já pupa kékeré rẹ̀, ó kì í sínú báàgì iléèwé ọmọ náà, ó ní òun ní òmíràn.

“Ẹ̀yìn wa ti di méje,” ni ó wí.