Àwọn Orí Gbígbẹ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Bí oṣù kẹwàá bá ti dé, tí ewé àwọn igi etí ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Wilf Ormerod a ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, a mú réèkì, a sì jáde sí ọgbà. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé olókùúta rẹ̀ ní Haverside. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, òun ló ń fa ọ̀pá tó ń fún ọkọ̀ ojú irin lọ́nà. Iṣẹ́ náà kò gba àṣìṣe, ìwà yẹn ló sì gbé wọ inú ọgbà. Ebè rẹ̀ a tọ́ bí okùn. Ewé tó bá já láàárọ̀ kì í bá alẹ́ nílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Hettie, ìyàwó rẹ̀, kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn. Igi òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní háídíréńjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí Hettie gé ẹ̀ka rẹ̀ wá láti ilé ìyá rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Nígbà ooru, òdòdó rẹ̀ a tóbi bí orí ọmọ tuntun, a dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró. Tó bá di ìgbà ìwọ́wé, orí òdòdó wọ̀nyẹn a gbẹ, àwọ̀ wọn a wá dà bí ti ewé tábà. Ara Wilf kì í gbà á.

"Hettie, jẹ́ kí n gé àwọn nǹkan yìí. Wọ́n dà bí irun tí wọn ò yà fún oṣù mẹ́fà."

"Ọwọ́ rẹ ni màá gé, bí o bá fọwọ́ kàn án! Fìlà òtútù ni wọ́n jẹ́ fún un. Ìwọ náà kì í ṣí fìlà nínú yìnyín. Kí ló dé tó o fẹ́ ṣí tirẹ̀?"

Wilf a rẹ́rìn-ín, a kọjú sí ebè mìíràn.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí tí Hettie ti kú. Ìgbà ìwọ́wé tó tẹ̀lé ikú rẹ̀, Wilf kò mọ ohun tí ì bá fi ara rẹ̀ ṣe, ó bá ń tún ọgbà ṣe. Ó gbálẹ̀, ó gé, ó kó. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ó ti gé igi Hettie dé ìdajì. Kò sì sẹ́ni tó bá a jà. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Ìgbà ooru dé, igi náà yọ ewé tútù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n kò yọ òdòdó kankan. Bessie Clegg, opó tó ń gbé ilé kejì, ló yọjú lórí odi.

"O gé e nígbà ìwọ́wé, àbí?"

"Mo kàn tún un ṣe ni."

"O tún un ṣe! Òdòdó ọdún yìí ti wà nínú ojú ẹ̀ka tó wà lábẹ́ orí gbígbẹ yẹn láti ọdún tó kọjá. Ìwọ lo gé e dànù. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń gé e, Wilf. Ṣé Hettie ò sọ fún ọ ni?"

"Ogójì ọdún ló fi sọ ọ́ fún mi," ni Wilf wí. "Mo ṣe bí ẹ̀fẹ̀ ni."

Láti ọjọ́ náà kò gé e mọ́. Ooru tó tẹ̀lé e, òdòdó mẹ́ta jáde. Ooru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, mọ́kànlá ni.

Àmọ́ orúnkún Wilf ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti gbà láti lọ máa gbé lọ́dọ̀ Glenys, ọmọ rẹ̀, kí Kérésìmesì tó dé, kí wọ́n sì ta ilé náà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Glenys dé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé igi.

"Dádì, ẹ jókòó ní tiyín. Ayàwòrán tó máa ya fọ́tò ilé fún títà ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọgbà yìí gbọ́dọ̀ mọ́."

Wilf jókòó ti ife tíì rẹ̀, ó ń wò ó. Glenys kó ewé sínú bárò, ó fa àwọn òdòdó tó ti kú tu, ó da ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà sídìí àwọn igi róòsì bí ẹni da aṣọ bo ọmọ. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ní. Nígbà tó yá, ó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ya ẹnu àlùmọ́gàjí.

Wilf fò dìde, ife tíì dà sílẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ ni màá gé, bí o bá fọwọ́ kàn án!"

Glenys pa ẹnu àlùmọ́gàjí dé, ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Dádì," ni Glenys wí, "ọ̀rọ̀ Mọ́mì nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ewé kan sùn sílẹ̀? Ẹni tó fẹ́ ra ilé á rò pé ọ̀lẹ ló ń gbébí o."

Ohùn Bessie ta láti ẹ̀yìn odi: "Glenys, jẹ́ kí bàbá rẹ ya ọ̀lẹ lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ̀!"

Glenys bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Ó dáa, mi ò gé e. Ẹni tó bá rà á ńkọ́? Ta ló máa jókòó síbí máa pariwo mọ́ ọn?"

 Wilf wo igi náà títí. Lẹ́yìn náà ló ní kó gbé ìkòkò amọ̀ kan wá, kó po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ yanrìn sínú rẹ̀.

"Má gé ẹ̀ka tó ní orí. Wá èyí tí kò yọ òdòdó lọ́dún yìí, tó ti le dáadáa. Kó gùn tó pẹ́ńsù. Gé e sábẹ́ ojú rẹ̀. Ó tó."

Ẹ̀ka mẹ́fà ni Glenys gé. Ó rì wọ́n sínú ìkòkò náà bí ẹni gbin igi ẹ̀gẹ́, orí wọn díẹ̀ ló kù lókè.

"Tí a bá dé ọ̀dọ̀ mi, ṣé inú ilé ni kí n gbé e sí?"

"Ìta, lẹ́bàá ògiri. Òtútù ò ní í ṣe é ní nǹkan. Má sì fà á láti wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Ọdún kan gbáko ni."

"Ọdún kan, Dádì?"

"Ọdún kan. Ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ ni màá ti dúró dè é."

Glenys gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìbọ̀wọ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ dọ̀tí.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ayàwòrán tó dé, Wilf ti fi ọ̀dà funfun kọ̀wé sára pátákó kékeré kan, bíi ti ojú irin àtijọ́, ó sì gún un mọ́dìí igi náà: MÁ GÉ E KÍ ÌGBÀ ÌRÚWÉ TÓ DÉ. Glenys bẹ̀ ẹ́ kó yọ ọ́ títí wọ́n á fi ya fọ́tò tán. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nínú fọ́tò náà, gbogbo ebè ló tọ́ bí okùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, orí gbígbẹ mọ́kànlá dúró, yìnyín àárọ̀ sì funfun lórí fìlà wọn.